Ìrìn-àjò Àwọn Ẹyẹ Òkun: Ohun tí a lè Rí láti Etíkun ní Ìgbà Ìrúwé

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò nínú ètò wa ti òní lè ṣe àjèjì sí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n máa ń rin ìrìn-àjò láti ìhà kan ayé dé ìhà kejì ní ọdọọdún, àti nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n máa ń jí ní kùtùkùtù láti lọ jókòó sí etíkun kí wọ́n lè máa kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Bí ẹnì kan bá béèrè pé kí ni ẹyẹ kíkà yóò ṣe fún àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. A ó gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó lè dáhùn bí ó ti yẹ, a ní láti kọ́kọ́ mọ irú ẹyẹ tí wọ́n jẹ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, àti bí ènìyàn ti ń ṣe tí ó fi ń rí wọn kà.

Ìdí tí ẹyẹ fi ń rin ìrìn-àjò

Ìrìn-àjò ẹyẹ kì í ṣe ohun tuntun sí àwa Yorùbá. Gbogbo wa ni a mọ lékeléke. A mọ̀ pé nígbà ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn ọmọdé yóò máa na èékánná sí i pé kí ó fún àwọn ní funfun. Bí òjò bá ti dé, púpọ̀ nínú wọn a gba Òkè Ọya lọ. Ohun tí lékeléke ń ṣe láàárín ìhà gúúsù àti ìhà àríwá ilẹ̀ wa ni àwọn ẹyẹ òkun ń ṣe láàárín Áfíríkà àti ìhà òkè pátápátá ayé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìrìn àwọn ẹyẹ òkun jìn ju ti lékeléke lọ fíìfíì.

Kí ni ó ń lé wọn? Oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀ ni. Ní ìhà àríwá ayé, nígbà òtútù, yìnyín a bo omi, ilẹ̀ a le bí òkúta, ọ̀sán a sì kúrú. Àwọn ibòmíràn tilẹ̀ wà tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹyẹ apẹja tí ó bá dúró síbẹ̀, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti kọjá, gbogbo nǹkan a yí padà. Kòkòrò a gbèrú, ẹja kéékèèké a pọ̀ nínú òkun, ọ̀sán a sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ yóò fi rí àyè wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di òru. Ìgbà tí ayé ń padà bọ̀ sípò báyìí, tí igi ń yọ ewé tuntun, ni a ń pè ní ìgbà ìrúwé. Láti oṣù kẹta ọdún títí di oṣù karùn-ún ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ibi tí ẹyẹ ń yé ẹyin sí ni ilé rẹ̀. Ibi tí ó ti ń sá fún òtútù ni àjò. Ní ìgbà ìrúwé ni gbogbo wọn máa ń kọjú sí ilé.

Ibi tí a ó ti wò wọ́n

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à jẹ́ ti ojú ọ̀run lásán, ẹ jẹ́ kí á mú ibì kan fún àpẹẹrẹ. Ní agbègbè Kent, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Dungeness. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ ni. Omi òkun ni ó kó àwọn òkúta róbótó-róbótó náà jọ láti ìgbà pípẹ́ wá, títí tí wọ́n fi yọ sínú òkun bí imú. Igi kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, òkè kò sí. Ilé iná méjì tí ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà ni ó ga níbẹ̀, ọ̀kan tí wọ́n kọ́ parí ní 1904 àti èkejì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá alágbára átọ́míìkì méjì wà, tí àwọn méjèèjì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró báyìí. Nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, omi gbígbóná tí ń tú jáde láti inú wọn sí òkun máa ń fa ọ̀pọ̀ ẹyẹ apẹja mọ́ra. Láti 1952 ni ilé ìṣọ́ ẹyẹ ti wà ní Dungeness, àwọn olùṣọ́ ibẹ̀ a sì máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni ó mú kí ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ ayé. Òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní English Channel, fẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí ó ti ń lọ sí ìlà-oòrùn ni ó ń fún sí i, títí tí yóò fi dé ọ̀gangan Dover, níbi tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ti ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ. Bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò ni ó rí. Ẹyẹ tí ń bọ̀ láti etíkun Áfíríkà, tí ó fẹ́ kọjá sí Òkun Àríwá, tí kò sì fẹ́ fò kọjá lórí ilẹ̀, ẹnu àrọ yìí ni yóò gbà. Dungeness sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ẹnu àrọ náà ti fún jù lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni a ń rí wọn. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, wọ́n lè gba àárín agbami tàbí kí wọ́n fò lókè réré. Ọjọ́ tí àwọn olùṣọ́ máa ń retí ni ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn ní ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ti àwọn ẹyẹ náà súnmọ́ ìhà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì mú kí wọ́n rẹlẹ̀ sí ojú omi.

Àwọn ẹyẹ tí ń kọjá

Àwọn tí ó máa ń ṣáájú ni pẹ́pẹ́yẹ òkun dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ scoter. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń kọjá. Wọ́n a tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀wọ́ gígùn, wọ́n a rẹlẹ̀ sí omi, bí ẹni na ìlẹ̀kẹ̀ dúdú sórí ìgbì. Etíkun òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n ti lo ìgbà òtútù, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ dé Mauritania.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tern, tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Tern jẹ́ ẹyẹ funfun tín-ín-rín, apá rẹ̀ gùn, ó ṣe ṣónṣó, orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Bí ó bá fẹ́ pa ẹja, yóò rababa lókè omi, yóò wá já ṣòòrò bọ́ sínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tí àgógó rẹ̀ dúdú, tí ṣóńṣó àgógó náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tì í bọ àdí, ni tern Sandwich. Ìlú Sandwich tí ó wà ní Kent kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. John Latham ni ó fún un ní orúkọ náà ní 1787. Ìlú yìí náà ni oyè ìjòyè kan ti wá, tí wọ́n sì ti ara ìjòyè náà fún búrẹ́dì tí a há ẹran sí láàárín ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ẹ rí i pé ẹyẹ àti oúnjẹ lè di ìbátan nípa orúkọ.

Tern méjì mìíràn wà tí wọ́n jọra púpọ̀. Ọ̀kan ni tern gbogboogbò, tí àgógó rẹ̀ pupa, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú. Èkejì ni tern Arctic, tí tirẹ̀ pupa láti ìdí dé ṣóńṣó. Lórí ilẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lójú agbami, nígbà tí ìgbì ń gbé ẹyẹ mì lójú ẹni, ó ṣòro púpọ̀. Ohun tí àwọn olùṣọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni pé wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí orúkọ èkejì, wọ́n sì ń pe èyíkéyìí tí kò bá dá wọn lójú ní 'commic'. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè yóò gbádùn èyí. Iṣẹ́ ni ó bí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè.

Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tún wà tí ń jẹ́ godwit. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a máa lo ìgbà òtútù ní Banc d'Arguin, ní etíkun Mauritania, níbi tí ẹrẹ̀ òkun ti kún fún ekòló àti ìgbín kéékèèké. Ní ìparí oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba Dungeness kọjá, àwọn tí ó kọjá sí ìlà-oòrùn a sì máa bá ìrìn lọ títí dé Siberia.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn, tí àwọn olùṣọ́ sì ń retí bí ọmọdé ti ń retí ọdún, ni skua. Skua Pomarine ni wọ́n ń dúró dè. Ó sanra láyà, ó dúdú, ìyẹ́ méjì tí ó gùn ní ìrù rẹ̀ sì lọ́ bí ṣíbí. Olè ojú òfuurufú ni àwọn skua: bí tern bá pa ẹja, skua a lé e títí yóò fi ju ẹja náà sílẹ̀. Ojú òkun tí ó wà níwájú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí skua Pomarine ti ń lo ìgbà òtútù. Ilẹ̀ àríwá Rọ́ṣíà, níbi tí ó ti ń pa eku kéékèèké jẹ, wà lára ibi tí ó ti ń bímọ. Láti ìparí oṣù kẹrin sí àárín oṣù karùn-ún ni ó ń kọjá, ọjọ́ tí ó sì máa ń pọ̀ kì í ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ọdún.

Ọ̀nà tí a ń gbà kà wọ́n

Iṣẹ́ náà kò nílò owó púpọ̀, sùúrù ni ó nílò. Olùṣọ́ a jí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé wákàtí díẹ̀ tí ó tẹ̀lé yíyọ oòrùn ni ó máa ń dára jù. A wá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní bá a jù, a gbé awò gígùn olójú kan ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì lórí ìlà tí omi ti pàdé ojú ọ̀run. Ó dára kí wọ́n jẹ́ méjì: ẹnì kan ń wò, ó ń pè, ẹnì kejì ń kọ. Ohun mẹ́rin ni a ń kọ: aago, irú ẹyẹ, iye rẹ̀, àti ìhà tí ó kọjú sí. Ẹni tí kò bá kọ ìhà tí ẹyẹ kọjú sí kò tíì kọ nǹkan kan, nítorí pé ẹyẹ tí ń gbé etíkun náà lè kọjá síwá sẹ́yìn nígbà mẹ́wàá, kí a sì kà á sí mẹ́wàá.

Òfin kan wà tí ó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: ohun tí kò bá dá ọ lójú, má kọ ọ́ bí ẹni pé ó dá ọ lójú. Ẹ̀kọ́ tí èyí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ sí ti ẹyẹ nìkan.

Àwọn olùṣọ́ kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Dungeness, ní etíkun kan náà, àwọn mìíràn wà ní Selsey Bill àti ní Beachy Head. Bí ọ̀wọ́ skua bá kọjá ní Selsey ní òwúrọ̀, àwọn ti Beachy Head lè máa retí wọn láàárín wákàtí díẹ̀, kí àwọn ti Dungeness sì rí wọn lẹ́yìn náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn fi lè ṣírò bí wọ́n ti ń yára tó. Iye tí wọ́n kọ ní ọdún kan kò lè sọ ohun púpọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá to ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún jọ, a ó rí i bóyá ẹyẹ kan ń pọ̀ sí i tàbí ó ń run lọ.

Òrùka ẹsẹ̀

Ojú nìkan kò lè sọ ibi tí ẹyẹ ti wá. Olùkọ́ ilé-ìwé kan ni ó tún ọ̀nà ṣe. Ní 1899, ní ìlú Viborg ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, Hans Christian Cornelius Mortensen bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi alumíníọ́mù ṣe sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí ara òrùka náà, kí ẹni tí ó bá rí ẹyẹ náà lè kọ̀wé sí i. Ní 1909 ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọba.

Ẹ gbọ́ ohun tí òrùka ti fi hàn wá. Ọmọ tern Arctic kan tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní erékùṣù Farne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1982, nígbà tí kò tíì lè fò, ti dé Melbourne ní Ọsirélíà ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ìrìn náà ju kìlómítà 22,000 lọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tern Arctic tí ń bímọ ní Greenland. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tí kò wúwo tó gíráàmù méjì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìrìn tí ẹyẹ kan ń rìn lọ́dún, àlọ àti àbọ̀, lé ní kìlómítà 70,000. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí gúúsù, àwọn kan gba etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn mìíràn yà kúrò lọ́nà, wọ́n gba etíkun Brazil. Ẹyẹ tí ń rin ìrìn yìí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí ni ó kàn wá?

A ti dé orí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kì í ṣe ẹyẹ Òyìnbó nìkan. Tern Sandwich tí ó kọjá ní Dungeness ní oṣù kẹrin lè ti wà ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní oṣù kejì. Ẹyẹ náà wà lára àwọn tí ń wá sí etíkun Nàìjíríà nígbà ọyẹ́. Nǹkan bí ìdajì ọdún ni ó fi ń wà lẹ́yìn odi ibi tí wọ́n ti fún un lórúkọ. Bí ọ̀ràn ilé bá jẹ́ ti ibi tí a ń gbé, àwa náà jẹ́ onílé rẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni pé ohun tí ó bá ṣe é níbì kan, ibi gbogbo ni a ó ti rí i. Ní àkókò kan, àwọn ọmọ etíkun Gánà máa ń dẹ okùn sí iyanrìn, wọ́n a fi ẹja ṣe ìjẹ, wọ́n a sì mú tern púpọ̀. Eré ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n tern kan tí àyà rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà ìbímọ, tí wọ́n ń pè ní tern Roseate, ń dínkù ní Yúróòpù nígbà náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń mú. Ní 1985, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní Gánà fún ìdáàbòbò àwọn ẹyẹ etíkun, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n sì gbájú mọ́. Àwọn Yorùbá ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bá. Okùn tí ọmọ kan dẹ ní Áfíríkà lè mú kí ìtẹ́ ẹyẹ ṣófo ní Áyáláǹdì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Áfíríkà nìkan ni ewu ti ń wá. Ní 2022, àrùn ẹyẹ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tern Sandwich ní ibi tí wọ́n ti ń bímọ ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ó sì ṣe àwọn skua ńlá Skọ́tíláǹdì ní ibi tí ó burú jáì. Ẹja tín-ín-rín tí ń sá pamọ́ sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun, tí tern fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀, ni àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá ti ń kó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin de kíkó rẹ̀ ní apá tirẹ̀ nínú Òkun Àríwá ní 2024. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Yúróòpù fi jọ ṣe àdéhùn lórí àwọn ẹyẹ omi arìnrìn-àjò ní 1995. Ní 1999 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà àti Ilẹ̀ Ọba sì wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn kẹta jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè. Nínú gbogbo àlàyé tí mo ṣe yìí, ẹ ó ti ṣe àkíyèsí pé orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹyẹ wọ̀nyí ni mo ń lò. Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò ní orúkọ fún wọn. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ń rí wọn lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Àwórì àti àwọn Ẹ̀gùn tí ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà. Ẹni tí ń fi ẹyẹ mọ ibi tí ẹja wà nínú òkun kò ní ṣàìpè é ní nǹkan kan. Àwa tí a jókòó sí yunifásítì ni a kò tíì lọ bi wọ́n léèrè tó. Àwọn tí ó mọ orúkọ náà sì ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn ti fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n ti wọ ìlú ńlá lọ. Bí ẹyẹ tí kò ní orúkọ lẹ́nu wa bá pòórá, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù?

Iṣẹ́ fún ilé-ìwé

Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àgbádárìgì, ní Èkó, ní Lẹ́kí àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, ẹ yan òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró sí ibì kan náà fún wákàtí kan, kí wọ́n kọ aago, irú ẹyẹ, iye rẹ̀, àti ìhà tí ó kọjú sí. Kí wọ́n wo àwọ̀ àgógó àti ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá òrùka wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí òkú ẹyẹ, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án nítorí àrùn; kí wọ́n da nọ́ńbà òrùka náà kọ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n lọ kí àwọn apẹja, kí wọ́n tọrọ àyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i bí apẹja náà ti pè é gan-an, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ Dungeness ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ti tiwa lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé kan, pẹ́ńsùlù kan, àti apẹja kan tí ó ṣetán láti dá wa lóhùn.